Wéré kì í ṣe orin alẹ́: bí ìṣínu àdúgbò wa ṣe lọ ní Àkúrẹ́

Bàbá onísákárà ló kọ́kọ́ da ètò wa rú, torí ẹ̀ ọ̀dọ̀ ẹ̀ ni n ó ti bẹ̀rẹ̀. Àwa mẹ́ta la lọ bá a nílé lálẹ́ Mọ́ńdè, a mú dàbínù ọ̀rá kan dání, a dọ̀bálẹ̀, a ní Bàbá, a fẹ́ ṣe ìṣínu fún gbogbo àdúgbò ní Sátidé tó ń bọ̀ yìí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá wa kó àwọn ọmọ yín wá kí ẹ wá ṣe wéré, orin ààwẹ̀ wa, fún wa bí a bá ti ń jẹun lọ. Bàbá ní, "Wéré ní aago mélòó?" A ní aago méje alẹ́. Ni bàbá bá bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín yẹn pọ̀ débi pé ìyàwó ẹ̀ jáde wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, wéré, ẹni tó sùn la fi ń jí. Ẹni tó ń jẹ àkàrà lọ́wọ́, kí ni mo tún fẹ́ jí lára ẹ̀?"

Àwọn èèyàn ti ń bi mí báwo la ṣe ṣe é, àwọn kan gbọ́ pé ìjà wà níbẹ̀, àwọn kan gbọ́ pé a jó, mo wá ní kí n kúkú kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe rí. Ìjà ò sí. Ijó wà díẹ̀, mi ò ní parọ́.

Ọdún 2025 ni o. Sátidé ọjọ́ kìíní oṣù Kẹta la bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ Ramadan, àwọn Krìsẹ́ńì náà wá bẹ̀rẹ̀ Lẹ́ńtì tiwọn ní Wẹsidé tó tẹ̀ lé e, ọjọ́ karùn-ún. Kì í ṣe gbogbo ọdún ló máa ń bọ́ síra wọn bẹ́ẹ̀ o, torí oṣù ojú ọ̀run là ń kà ní tiwa, ọdún wa fi bí ọjọ́ mọ́kànlá kéré sí ti kàlẹ́ńdà, lọ́dọọdún ni ààwẹ̀ wa máa ń tètè dé ju ti èṣí lọ, Lẹ́ńtì ní tiẹ̀ kì í kúrò láàárín oṣù Kejì sí oṣù Kẹrin. Lọ́dún yẹn ṣáà, nínú ilé tí mò ń gbé lápá Òkè-Àró, yàrá mẹ́jọ ni, yàrá mẹ́fà ló ń gbààwẹ̀, mẹ́ta tiwa, mẹ́ta ti ṣọ́ọ̀ṣì. Lọ́sàn-án ilé á dákẹ́ bíi pé gbogbo èèyàn ti rìnrìn àjò.

Ohun tó bí ìṣínu yìí gan-an, kọ́pà kan ni. Ọmọkùnrin tí kò ju ẹni ọdún mẹ́rìnlélógún lọ, ó ń gbé yàrá kan lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí, a máa ń kírun pa pọ̀, kò sì sẹ́ni tó bi í rí pé kí lo fi ń ṣínu. Àfìgbà tí Ìyá Àdínnì wa lọ kanlẹ̀kùn ẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan kó gba àga padà, ó bá a tó ń mu gàrí pẹ̀lú ẹ̀pà, ó ní ó ti di alẹ́ karùn-ún tí òun ń mu ún nìyẹn. Ìyá Àdínnì ò sọ nǹkan kan níbẹ̀. Ọjọ́ kejì lẹ́yìn àṣámù, ìrun alẹ́ inú ààwẹ̀, ló dìde nínú mọ́ṣáláṣí, ó ní òun fẹ́ bi wá léèrè, ṣé mùsùlùmí ni wá àbí ayálégbé. Gbogbo wa sọ orí kodò.

Ẹ mọ̀ pé Àkúrẹ́ kì í ṣe Ìlọrin. Àwa mùsùlùmí ò pọ̀ tó àwọn Krìsẹ́ńì níbí, àwọn tó sì wà, ibi tó yàtọ̀ síra ni wọ́n ti wá. Nínú jàmáà mọ́ṣáláṣí wa kékeré yẹn, ọmọ Àkúrẹ́ pọ́ńbélé wà níbẹ̀, ará Ìlọrin wà níbẹ̀, àwọn Ígbìrà tí bàbá wọn wá ṣoko lẹ́yìn odi ìlú wà níbẹ̀, ará Auchi wà, Málàámù kan tó ń ta àlùbọ́sà ní ọjà Ṣáṣá náà wà. Bí a ṣe jókòó láti sọ̀rọ̀ oúnjẹ ni wàhálà dé. Alàájà tó jẹ́ ará Ìlọrin ní tí kò bá ti sí wàrà àti másà, òun ò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ìṣínu. Málàámù ní fúrà àti kúnú ló ń tu ọ̀nà ọ̀fun, ẹ má gbé nǹkan líle síwájú èèyàn. Ìyá kan tó jẹ́ Ígbìrà ní òun á se àpapà, ìyẹn ẹ̀wà lílọ̀ tí wọ́n ń pọ́n sínú ewé, ẹ má sọ lójú ẹ̀ pé ó jọ mọ́ínmọ́ín o, mo sọ ọ́, mo jẹ ẹ̀bi. Bàbá àgbà kan tó jẹ́ ọmọ Àkúrẹ́ jẹ́ kí gbogbo wọn sọ̀rọ̀ tán, ó wá ní, "Gbogbo ohun tí ẹ kà sílẹ̀ yẹn, ìpanu ni. Iyán dà?"

Àáfà wa ló là á. Ó ní ohun tí òun mọ̀ pé Ànábì máa ń fi ṣínu kó tó kírun ni dàbínù tútù, tí kò bá sí, dàbínù gbígbẹ, tí ìyẹn náà ò bá sí, omi bíi ẹnu mélòó kan. Ó ní gbogbo èyí tó kù, ikùn yín ló ń bá yín sọ̀rọ̀, ẹ sè é bó ṣe wù yín. (Ní oṣù Kejìlá 2023, UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà, fi ìṣínu sínú ìwé àjogúnbá àṣà aráyé, orílẹ̀-èdè mẹ́rin ló gbé e lọ, Azerbaijan, Iran, Turkey àti Uzbekistan. Nígbà tí mo kà á mo kàn ń rẹ́rìn-ín, mo ní ẹni tó máa bá àkàrà àti ògì ṣe agbẹjọ́rò níbẹ̀ ò tíì dé.)

Bí a ṣe wá ṣètò ẹ̀ rèé. A pín oúnjẹ sí ọ̀nà méjì. Kí a tó kírun Mògàríbì, dàbínù mẹ́ta mẹ́ta, omi, ògì gbígbóná, àkàrà, ìbẹ́pẹ gígé. Tí a bá kírun tán la máa wá gbé nǹkan ńlá jáde, iyán àti ẹ̀gúsí, másà, àpapà, wàrà díndín, àsun sì ni àwọn ọ̀dọ́ dáwó jọ fún, ṣé ẹ mọ̀ pé ìpínlẹ̀ Oǹdó la wà, àpèjẹ tí kò sí àsun, wọ́n á sọ ọ́ dé ọ̀la. Kóńgò ẹ̀wà méjìlá la rẹ fún àkàrà nìkan, a kà á pé yóò tó ẹgbẹ̀ta tàbí jù bẹ́ẹ̀, a sì ń retí bí àádọ́jọ èèyàn.

Ohun tí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ṣe irú ẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rò ni pé àwọn tó ń se oúnjẹ ń gbààwẹ̀. Wọn ò lè tọ́ ọ wò. Àáfà ní ẹni tó bá pọn dandan fún lè fi ṣóńṣó ahọ́n kàn án kó sì tu ú dànù, àwọn obìnrin ní àwọn ò fẹ́, ọkàn àwọn ò ní balẹ̀. Wọ́n bá pe àwọn ọmọ méjì tí kò tíì tó ààwẹ̀ gbà pé kí wọ́n wá máa tọ́ ọbẹ̀ wò. Èyí àkọ́kọ́, ohunkóhun tí wọ́n bá fún un, ó dùn. Èkejì gbọ́n jù, ó mọ̀ pé tí òun bá ti ní iyọ̀ ò tó, wọ́n á fi iyọ̀ si, wọ́n á tún fún òun tọ́ wò, ló bá ń ní iyọ̀ ò tó, iyọ̀ ò tó. Ẹ̀gúsí wa lọ́jọ́ yẹn, omi òkun ni. Ìyá Àdínnì ló fi ẹ̀fọ́ àti omi gbígbóná gbà á là, síbẹ̀ mo rí àwọn tó mu omi mọ́ iyán ní gbogbo òkèlè.

Iyán náà ní tiẹ̀. Ta ló máa gún iṣu fún àádọ́jọ èèyàn ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ nígbà tí kò tíì fi nǹkan kan ẹnu láti àárọ̀? Àwọn ọmọkùnrin mẹ́rin kan tó máa ń jókòó sídìí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń gba bọ́ọ̀lù inú tẹlifíṣọ̀n ni Ọlọ́run rán sí wa, wọn ò gba ààwẹ̀ tiwa, wọn ò gba ti Lẹ́ńtì, agbára wà lára wọn. Odó méjì, ọmọ odó mẹ́rin, wọ́n bọ́ ẹ̀wù, wọ́n gún un títí ó fi ń fà. Ẹ rántí àwọn ọmọ mẹ́rin yìí, mo ń padà bọ̀ lọ́dọ̀ wọn.

Ti orin wá. Àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ kí a háyà sípíkà ńlá kí dídjéè máa lu fújì. Àáfà ní láéláé, ìwájú mọ́ṣáláṣí kọ́. Ọ̀rọ̀ di aríyànjiyàn, ọ̀kan nínú wọn ní ṣebí fújì fúnra ẹ̀ inú ààwẹ̀ ló ti jáde, òótọ́ sì ni, Síkírù Àyìndé Barrister tí wọ́n bí ní 1948 tó kú ní 2010, ìdí wéré ló ti kọ́ orin, kó tó wọṣẹ́ sójà, kó tó wá tún un ṣe tó sì sọ ọ́ ní fújì, òun fúnra ẹ̀ ló sọ pé àwòrán òkè Fuji ti ilẹ̀ Japan tí òun rí ní pápákọ̀ òfurufú ni òun ti mú orúkọ yẹn. Àáfà gbọ́ gbogbo ẹ̀, ó ní ó dáa, bí bàbá bá ṣe èèyàn gidi, ṣé gbogbo ọmọ ẹ̀ la máa gbà sílé ni? Ọ̀rọ̀ pin síbẹ̀, ìdí nìyẹn tí a fi ní kí a lọ bá bàbá onísákárà pé kó wá ṣe wéré, ògbólógbòó, tí kò ní iná mànàmáná nínú, bàbá wá fi wá ṣẹ̀rín bí mo ṣe sọ lẹ́ẹ̀kan.

Ṣùgbọ́n kò fi wá sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ní orin ní aago tiẹ̀ bí ìrun ṣe ní aago tiẹ̀. Wéré, àwọn ọmọkùnrin ló máa ń kó ara wọn jọ lóru, kí wọ́n máa ti ojúlé dé ojúlé, kí ìyá tó fẹ́ dáná sàárì, oúnjẹ ìdájí inú ààwẹ̀, lè tètè jí, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní ajísààrì, tí ìlù ẹ̀ fi ń le, tí ohùn ẹ̀ fi ń lọ sókè, torí ẹni tó sun oorun ààwẹ̀, oorun ẹ̀ wúwo. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣínu, ara ẹ̀ ń rọ̀, ẹ má fi ariwo pa á. Ó ní wákà ni ẹ ń wá, kí àwọn obìnrin kọ ọ́, kí wọ́n pàtẹ́wọ́, òun á lu sákárà kan ṣoṣo sí i. Wéré, òun á wá ṣe é ní aago tiẹ̀, ní ìdájí Sọ́ńdè.

Lọ́jọ́ kejì ó gbé sákárà náà wá fún àáfà wò, torí àáfà ti ní ìlù kan ṣoṣo tí òun mọ̀ nínú hàdíìsì, ìyẹn ọ̀rọ̀ àti ìṣe Ànábì, ni dọ́ọ̀fù, ìlù pẹlẹbẹ olójú kan. Àáfà gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. Òrùka amọ̀ tí wọ́n sun, awọ ewúrẹ́ tí wọ́n nà sí ojú kan, èèkàn wẹ́wẹ́ yí i ká. Ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó fi ìka gbá a. Ó ní, "Èyí kúkú ni." Mo mọ̀ pé àwọn àáfà kan wà nínú ìlú yìí tí wọn ò ní gba ìyẹn náà, wọ́n á ní ohùn ẹnu nìkan, mi ò bá wọn jà. Tiwa gbà á.

Ọjọ́ pé, Sátidé, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún ààwẹ̀. Aago márùn-ún àbọ̀ epo ti gbóná, òórùn àkàrà ti gba òpópónà, ìyẹn gan-an ìyà ni fún ẹni tó ń gbààwẹ̀. Màmá onílé wa, ọmọ ìjọ Áńgílíkà, ti gbé àga ẹ̀ wá síwájú láti aago mẹ́fà, ó ní òun ti lè já ààwẹ̀ Lẹ́ńtì tòun báyìí o, ẹ̀yin lẹ dá òun dúró. Èèyàn ń pọ̀ sí i. Ọlọ́kadà tó ń kọjá lọ bẹ̀rẹ̀ sí páàkì.

Ibí yìí ni mo ti fẹ́ kí ẹ fetí sílẹ̀. Aago méje ku ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án, oòrùn wọ̀. Kò sí iyèméjì, a rí i. Málàámù ti gbé omi sẹ́nu. Ladáànì wa, ọmọ jẹ́jẹ́ kan báyìí, dúró ti máìkì kò pe ìrun, ó ń wo fóònù ẹ̀, ó ní kò tíì tó, ó ku ìṣẹ́jú méje. Àwọn kan mú dàbínù kúrò lẹ́nu. Àwọn kan ti gbé e mì, ojú wọn yí padà, wọ́n ń bèèrè bóyá ààwẹ̀ àwọn ti bàjẹ́. Ariwo sọ. Àáfà jáde, ó gba fóònù lọ́wọ́ ẹ̀, ó wò ó, ó ní, "Èkó ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ṣé Èkó la wà?"

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé Èkó ni ọmọ yẹn ti ra fóònù, kò sì yí ìlú padà lórí áàpù ìrun tó wà nínú ẹ̀. Àkúrẹ́ wà lápá ìlà oòrùn sí Èkó, oòrùn máa ń fi bí ìṣẹ́jú méje wọ̀ lọ́dọ̀ wa ṣáájú tiwọn. Ẹni tó bá ń ṣínu ní Àkúrẹ́ pẹ̀lú aago Èkó, ó kàn ń fìyà jẹ ara ẹ̀ lásán ni, hàdíìsì sì sọ pé èèyàn ò ní yé wà nínú oore níwọ̀n ìgbà tí wọ́n bá ń yára ṣínu. Àmọ́ èyí tó burú jù ni ti ìdájí. Bí oòrùn ṣe ń tètè wọ̀ lọ́dọ̀ wa náà ni ilẹ̀ ń tètè mọ́, ẹni tó bá fi aago Èkó jẹ sàárì ní Àkúrẹ́, nígbà tó rò pé ó ṣì ku ìṣẹ́jú méje, àkókò Àsùbá, ìrun ìdájí, ti wọlé, ó ń jẹun nínú ààwẹ̀. Àáfà sọ èyí sínú máìkì kúkúrú báyìí, mo rí i bí àwọn bàbá mélòó kan ṣe ń yọ fóònù wọn jáde lápò jẹ́jẹ́. Ọjọ́ mẹ́rìnlá ti lọ nínú ààwẹ̀ nígbà yẹn o.

Ladáànì pe ìrun. Gbogbo ẹnu dákẹ́. Mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ ṣàlàyé ìdákẹ́jẹ́ yẹn, èèyàn tó ju àádọ́jọ lọ, kò sí ohun tí ò ń gbọ́ ju ọ̀rá omi tí wọ́n ń fi eyín já. Kọ́pà wa jókòó sí àárín Ìyá Àdínnì àti màmá onílé, wọ́n ń já àkàrà sínú àwo ẹ̀ lápá ọ̀tún lápá òsì.

Àkàrà tán kí a tó kírun. Àwo ike igba la rà, òun náà tán. Ọlọ́kadà jẹ, àwọn tó ń bọ̀ láti ọjà jẹ, ẹni tí a ò mọ̀ rí jẹ. Ìyẹn ò dùn mí, torí hàdíìsì tí gbogbo wa gbójú lé ni pé ẹni tó bá fún aláààwẹ̀ lóúnjẹ ìṣínu, irú ẹ̀san tiẹ̀ ló máa gbà láìdín tẹni yẹn kù. Ohun tó dùn mí ni kúlà búlúù kan. Bí ọgọ́rùn-ún àkàrà wà nínú ẹ̀, èmi ni mo gbé e síbi ògiri pẹ̀lú ọwọ́ mi, pé a máa fi ṣe èèkejì. A kírun tán, kò sí kúlà. Mo wá a, mi ò rí i. Mo wá wo ibi odó, mo rí àwọn ọmọ mẹ́rin tó gúnyán tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín láàárín ara wọn, ọkàn mi kàn sọ pé àwọn ni. Mi ò sọ ọ́ síta. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀kan nínú wọn wá gba ẹran sí i, mo dá a lóhùn bí ẹni tí kò dá a mọ̀, ó sì yé e, torí ó dá àwo náà padà sórí tábìlì, ó lọ.

Wákà dùn, ẹ jẹ́ n sọ òtítọ́. Láàárín Mògàríbì sí Iṣáì, wákàtí kan àti bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré la ní, kò sí orin tó gùn ju bó ṣe yẹ lọ. Alàájà Ìlọrin ló ń lé, àwọn tó kù ń gbè:

Ẹ kú ààwẹ̀ o, ẹ kú ìṣínu,
ẹni tó dáná fún wa, iná ilé ẹ̀ ò ní kú.

Sákárà kan ṣoṣo, àtẹ́wọ́, agogo kékeré kan tí mi ò mọ ẹni tó gbé e wá. Ó ń ki àwọn ìyá lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ki oníàpapà, ó ki alákàrà, ó dé ọ̀dọ̀ màmá onílé, ó ní kí ni orúkọ bàbá yín, màmá sọ ọ́, ó fi kọrin, màmá dìde. Ibẹ̀ ni ijó tí ẹ gbọ́ ti wá. A bẹ̀rẹ̀ sí pe Alàájà ní Sàláwà Àbẹ̀ní Òkè-Àró, bàbá onísákárà ní kí a má pè é bẹ́ẹ̀ o, Aláàfin Làmídì Adéyẹmí ló fi Sàláwà jẹ ayaba wákà ní 1992, ta ló fi tiwa jẹ? Màmá onílé ní òun ni. Ní àkókò yẹn NEPA ti mú iná, jẹnẹrétọ̀ tí a yá kọ̀ kò dáhùn, òṣùpá kẹẹ̀ẹ́dógún sì ń yọ bọ̀ lẹ́yìn ilé, a ò tiẹ̀ wá tọ́ọ̀ṣì.

Aago mẹ́ta àbọ̀ kọjá díẹ̀ ní ìdájí, mo gbọ́ ọ. Kì í ṣe sákárà kan mọ́, ó tó mẹ́ta, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ wà nínú ẹ̀, ohùn bàbá ń bọ̀ láti òkè àdúgbò bíi pé ẹnìkan ń fa aṣọ ya. Ní alẹ́ ó pẹ́ kí n tó sùn, mo sì rò pé n kò ní lè dìde, àmọ́ ẹsẹ̀ mi ti dé ilẹ̀ kí n tó là ojú tán. Ìgbà yẹn ni ohun tó fi wá ṣẹ̀rín yé mi. Fèrèsé ń ṣí lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo bọ́ síta, mo rí àwọn tó ń tẹ̀ lé bàbá, àwọn ọmọ ẹ̀ méjì, kọ́pà wa tó di agogo mú, àti méjì nínú àwọn ọmọ tó gúnyán, tí wọn kì í tiẹ̀ ṣe mùsùlùmí.

Màmá onílé ṣílẹ̀kùn. Ó fi ìborùn bo orí, ó fi ẹsẹ̀ ti nǹkan kan jáde sí kọ́ríìdọ̀. Kúlà búlúù ni. Ó ní, "Mo rí i lánàá pé ẹ fẹ́ jẹ gbogbo ẹ̀ tán, ẹ ò ronú sàárì. Mo bá gbé e pamọ́. Ẹ dín in gbóná díẹ̀, èmi náà fẹ́ jẹ kí n tó lọ ṣọ́ọ̀ṣì." Mo wo ọmọ tó dá àwo padà lánàá. Òun náà wo kúlà, ó wò mí. Mo ní kó wá mú tiẹ̀, ó ní òun ò jẹ. Mo ní ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ọmọ tí mo fi ọdún mẹ́wàá jù lọ. Ó mú mẹ́ta.

Ladáànì náà wà níbẹ̀, ó ti yí fóònù ẹ̀ padà sí Àkúrẹ́. A jókòó lórí pèpéle, a ń jẹ, ẹnìkan ní ẹ jẹ́ ká ṣe jẹ́jẹ́, ó ṣì ku díẹ̀, fóònù wá dún. Bàbá onísákárà ní àkàrà lẹ́nu. Ó tu ú sọ́wọ́, ó wò ó, ó sọ ọ́ sí adìẹ.